Igi, Èso àti Òdòdó Nínú Àkọlé Fíìmù

Fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ igi, èso tàbí òdòdó pọ̀ káàkiri ayé. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dúró fún ohun tó ju ewéko náà lọ: ìfẹ́, ogún ìdílé, ìgbà èwe, ikú. Àwọn tó lágbára jù nínú wọn ni àwọn tí ọwọ́ ènìyàn kàn nínú ìtàn, tí wọ́n gbìn, tí wọ́n gé, tí wọ́n jẹ tàbí tí wọ́n fi pọn ọtí.

Ọkà bàbà pupa ni Zhang Yimou, ará Ṣáínà, fi sọ Red Sorghum (1987), tó mú jáde láti inú ìwé Mo Yan. Wọ́n fi ìbaaka kan ṣe owó orí ọmọbìnrin kan, Jiu'er, fún adẹ́tẹ̀ tó ni ilé ìpọntí. Inú oko ọkà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ru ìyàwó náà lọ sílé ọkọ ti tẹ pòròpórò mọ́lẹ̀ bí ẹní, tí àwọn méjèèjì fi sùn pọ̀. Ọkà yìí náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí tí wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ọmọ ogun Jàpáánì dé, wọ́n fipá mú ará abúlé tẹ oko náà pa kí wọ́n lè la títì. Ọtí ọkà ni àwọn ará abúlé sì dáná sí láti fi bá wọn jà. Aṣọ ìyàwó, ọtí, ẹ̀jẹ̀: pupa kan náà ni.

Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ló wà nínú àkọlé The Scent of Green Papaya (1993) ti Tran Anh Hung. Saigon ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ Faransé ni wọ́n ti ya á. Mui, ọmọdébìnrin kan, wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé onílé. Wọ́n gé ìbẹ́pẹ lórí igi, oje funfun ń kán sórí ewé, Mui ń wò ó. Lọ́jọ́ mìíràn ó la ọ̀kan sí méjì, ó fi ìka kan kóró funfun inú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí fíìmù ń parí, òun náà ti lóyún.

Nínú Lemon Tree (2008) ti Eran Riklis, opó kan ní Palẹsitínì jogún oko ọsàn lẹ́mọ́nì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mínísítà ètò ààbò Ísírẹ́lì kó wá sítòsí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n gé igi náà nítorí ọ̀tá lè sá pamọ́ síbẹ̀, obìnrin náà sì gbé ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù.

Amẹ́ríkà fẹ́ràn òdòdó. Irú róòsì kan ló ń jẹ́ American Beauty, tí Sam Mendes fi sọ fíìmù rẹ̀ ní 1999. Magnolia inú Steel Magnolias (1989) ni òdòdó ìpínlẹ̀ Louisiana, níbi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n so irin mọ́ ọn nítorí àwọn obìnrin tó rọ̀ lójú, tí ọkàn wọn sì le. Wọ́n dára, àmọ́ wọn kò wọnú ìtàn tó ọkà bàbà Zhang.

Taste of Cherry ti Abbas Kiarostami, ará Ìránì, gba Palme d'Or ní Cannes ní 1997. Ọ̀gbẹ́ni Badii ń wa mọ́tò kiri ẹ̀yìn ìlú Tehran, ó ń wá ẹni tí yóò bu erùpẹ̀ bò ó tó bá pa ara rẹ̀. Bàbá àgbà kan sọ fún un pé òun náà ti mú okùn lọ sídìí igi mulberry rí. Ọwọ́ rẹ̀ kan èso rírọ̀, ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ méjì, oòrùn yọ, àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀ ẹ́ kó gbọn igi fún àwọn. Ó sì kó díẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn èyí ló bi Badii bóyá ó fẹ́ kí adùn ṣẹ́rì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fíìmù náà kò sọ bóyá ikú tàbí ìyè ni Badii mú.