Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ìlọrin: Láti Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Kí ìjọba tó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ṣẹ́, ojú ọ̀gá àti ojú oníbàárà ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ní Ìlọrin, tí òkìkí aṣọ òfì rẹ̀ ti kàn tipẹ́tipẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá ahunṣọ títí tí yóò fi lè hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ gún, tí ọnà rẹ̀ sì ṣe déédéé, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá rán wọn pọ̀ ni àṣìṣe yóò hàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún aránṣọ ní Ọjà Tuntun: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò máa gbálẹ̀, yóò máa ká etí aṣọ, yóò máa rán bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀gá bá fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ pé kó gé aṣọ oníbàárà ni iṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Òmìnira, ìyẹn ayẹyẹ tí ọ̀gá fi ń tú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ló ń kádìí ètò náà. Bí ọmọ náà bá sì ba aṣọ aláṣọ jẹ́ lẹ́yìn náà, orúkọ ọ̀gá ló ń bàjẹ́.

Ìjọba amúnisìn mú òṣùwọ̀n mìíràn wọlé, èyí tí í ṣe ìdánwò. City and Guilds, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1878, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà ń ṣe ìdánwò rẹ̀, títí tí òfin ọdún 1993 fi fìdí NABTEB múlẹ̀, àjọ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Benin, láti gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdánwò yìí wúlò, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ̀n ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ NBTE sílẹ̀ ní ọdún 1977, ó sì fi í sí Kàdúná, kí ó lè máa ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, títí kan Kwara Poly ní Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Yàrá iṣẹ́, irinṣẹ́, olùkọ́ àti ìwé ẹ̀kọ́ ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tó yá, ètò òṣùwọ̀n ìmọ̀ iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tí NBTE ń bójú tó, ṣí ọ̀nà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá láti fi iṣẹ́ hàn, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò irinṣẹ́ àti èsì ìdánwò kò tíì tó. Òṣùwọ̀n tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ lò jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé ó ń tẹ̀ lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Ó yẹ kí ìjọba Kwara máa kéde lọ́dọọdún iye akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ jẹun, àti ohun tí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn sọ nípa wọn.