Láti Orí Ẹjọ́ Ẹbí dé Ìjà fún Gbogbo Ìlú: Beko Ransome-Kútì àti Àtúnṣe Ìdájọ́ ní Nàìjíríà

Ẹni tí ìwà ọ̀daràn bá ṣe lọ́ṣẹ́ sábà máa ń bèèrè pé kí a mú ọ̀daràn, kí a sì ṣe ẹ̀tọ́ fún òun. Ìgbà mìíràn wà, ẹ̀wẹ̀, tí ìbéèrè náà ń kọjá ọ̀ràn ara ẹni, tí ó ń di ìjà láti tún òfin ṣe. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàgbéyẹ̀wò irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn Dókítà Beko Ransome-Kútì. Èrò wa ni pé ẹjọ́ tí ìdílé rẹ̀ pàdánù ló fi ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe hàn: agbára ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ṣójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ará ilé ní àlùbami, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Beko, àbúrò Fẹlá, fara pa; ilé ìwòsàn rẹ̀ tó wà níbẹ̀ jóná. Wọ́n ju ìyá wọn, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ di ẹ̀bi náà ru "ṣójà tí a kò mọ̀". Báyìí ni ọ̀ràn di èyí tí kò ní ọ̀daràn.

Ìdílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọdún 1985, wọ́n pàdánù ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, nítorí pé òfin tó wà ní 1977 kò gbà kí a dá ìjọba lẹ́bi fún irú àṣemáṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, sọ pé àbò yìí bani nínú jẹ́. Ó gbà pé Òfin Ìpìlẹ̀ 1979 ti mú un kúrò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ran àwọn olùpẹjọ́ lọ́wọ́. Inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní ọba kì í ṣẹ̀. Ìlànà Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ní Ìlá àti Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, bíi ti ìlú Yorùbá yòókù, ọba kì í dá nìkan ṣàkóso láìsí ìjòyè, ìtàn wa sì mọ ọba tí ìlú kọ̀.

Kì í ṣe ọ̀ràn 1977 nìkan ló sọ Beko di ajìjàǹgbara. Aṣáájú ni nínú ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1985, wọ́n tì í mọ́lé. Síbẹ̀, ohun tó yàn láti bá jà ṣe pàtàkì. Ní 1989, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ CDHR sílẹ̀, ó sì di ààrẹ rẹ̀. Akitiyan láti gba Fẹ́mi Abọ́rìṣàdé kúrò ní àtìmọ́lé ni ẹgbẹ́ náà ti hù jáde. Wọ́n dojú kọ Dìkírì Kejì ọdún 1984, tó fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Wọn kò bèèrè fún ìjìyà tó le sí i. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí aláṣẹ máa jíhìn. Ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun tó jókòó ní bòńkẹ́lẹ́ ju Beko náà sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yìn ikú Abacha ní 1998 ni ó tó jáde.

Lónìí, a ní Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn Ọ̀daràn ti 2015 àti Òfin Tó Tako Ìdálóró ti 2017. Síbẹ̀, ní 2020, ìwọ́de tako SARS ló mú kí àwọn ìpínlẹ̀, títí kan Ọ̀ṣun, gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn tí ọlọ́pàá ṣe léṣe. Òṣùwọ̀n tí ìtàn Beko fi lé wa lọ́wọ́ fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé yóò dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀, àbí yóò tún bí "ẹni tí a kò mọ̀" mìíràn? Owó gbà-má-bínú nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí.