Ìwé Pélébé àti Ẹ̀rọ BVAS: Níbo Gan-an Ni Ìbò Ti Ń Sọnù?

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Palmgrove lójú títì Ìkòròdú, tí ó sì kọrí sí ọ̀nà Ṣómólú, kò ní rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ ìwé ni a mọ àdúgbò yìí mọ́. Bí ọdún ìdìbò bá dé, àwòrán àwọn olóṣèlú kì í tán lórí ẹ̀rọ wọn, ti ẹgbẹ́ yìí àti ti ẹgbẹ́ kejì, nítorí atẹ̀wé kì í bá owó ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìwé pélébé tí a ń kọ èsì ìbò sí ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, èyí tí àjọ INEC ń pè ní EC8A, ni. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti wọ inú ètò ìdìbò wa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé ìwé náà ti di ohun àtijọ́. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Nàìjíríà kò tíì fi ẹ̀rọ dìbò yan ààrẹ tàbí gómìnà rí. Òfin ìdìbò ọdún 2010 tilẹ̀ ka ẹ̀rọ ìdìbò léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Kàdúná ni ó kọ́kọ́ lò ó, nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. BVAS tí gbogbo wa mọ̀ kì í gba ìbò. Ó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, ó ń ka iye ẹni tí ó ti yẹ̀ wò, ó sì ń ya àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àtàǹpàkò tí a tẹ̀ bọ inki ni a ṣì fi ń dìbò, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó sì ń ka ìbò náà níṣojú èrò.

Níbo wá ni jìbìtì ń gbà wọlé? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú ọ̀nà ni ó sábà máa ń jẹ́, láàárín ibi tí a ti ka ìbò àti ibi tí a ti kéde rẹ̀. Nínú ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, èsì méjì ni ará ìlú gbọ́: ọ̀kan láti ẹnu rédíò ìjọba, èkejì láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alátakò UPGA. Alhaji Dauda Adégbénró kéde pé àwọn ni ó wọlé, ọlọ́pàá sì gbé e. Eyo Esua tí ó jẹ́ alága àjọ elétò ìdìbò fúnra rẹ̀ gbà pé nǹkan kò lọ bí ó ti yẹ. Ilé jó, ènìyàn jó, ọ̀rọ̀ náà “wẹ́tìẹ̀” sì wọ inú èdè wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun dé.

Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ìdìbò náà, ó tún di Òǹdó. Akin Ọmọ́boríowó ti jẹ́ igbákejì fún Gómìnà Michael Adékúnlé Ajásin kí ó tó kọjá sínú ẹgbẹ́ NPN láti bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò. FEDECO kéde pé òun ni ó wọlé. Ní Akúrẹ́, àwọn ènìyàn bú sígboro pẹ̀lú ìbínú. Lára àwọn tí wọ́n pa ni Ọláìyá Fágbàmígbé, olóṣèlú tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀ jáde, ẹni tí àwa tí a jẹ gbèsè iṣẹ́ ìwé kò yẹ kí á gbàgbé. Ajásin gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìṣirò ni wọ́n ṣe níbẹ̀: iye ìbò wo ni ó tọ́ sí ta? Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, Ajásin ni wọ́n dá a láre fún, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1983. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó tún dé, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ìdìbò tí gbogbo wa ń yìn, ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Wọ́n ka ìbò ní ibùdó, aṣojú SDP àti ti NRC fọwọ́ sí i, olúkálukú sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Babangida fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà, kò rí èsì náà pa mọ́. Títí dòní, a mọ̀ pé Abíọ́lá ní 8,341,309, tí Tófà ní 5,952,087. Ní oṣù keje, ìwọ́de gba Èkó kan. Táyà ń jó lójú títì Ìkòròdú, àwọn ṣọ́jà sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú. Wọ́n lè yìnbọn, wọn kò lè gba ẹ̀dà tí ó ti dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé.

Ẹ̀rọ tí ń ka káàdì dé ní ọdún 2015. Ààrẹ Jonathan fúnra rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ ní Otuoke, ẹ̀rọ kọ̀, wọ́n gbé òmíràn wá, ìyẹn náà kọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ẹ̀rọ náà kò lè borí ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ olùdìbò. Òfin ọdún 2022 wá fún BVAS ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń dúró, ọ̀pọ̀ wa sì mí kanlẹ̀.

Ọ̀ṣun ni wọ́n ti dán an wò. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún náà, INEC kéde pé Adémọ́lá Adélékè ní ìbò 403,371, Gbóyèga Oyètọ́lá sì ní 375,027. Oyètọ́lá gba àkọsílẹ̀ BVAS lọ́wọ́ INEC, ó sì sọ pé ní ibùdó 744, ìbò tí a kà pọ̀ ju ènìyàn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò lọ. INEC ní àkọsílẹ̀ yẹn kò pé, pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ti kó ohun inú rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n fà á yọ. Òmíràn tí ó yàtọ̀ sì jáde. Àjọ kan náà, ìdìbò kan náà, àkọsílẹ̀ méjì! Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà gba ti àkọ́kọ́, wọ́n yọ ìbò kúrò, wọ́n sì gbé 314,921 fún Oyètọ́lá, 290,266 fún Adélékè. Alága wọn tilẹ̀ fi orin tí ó gbòde nígbà náà ṣe yẹ̀yẹ́ Adélékè nínú ìdájọ́, ohun tí kò bá aṣọ tí ó wọ̀ mu rárá.

Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù ní oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi òǹtẹ̀ lù ú: ẹni tí ó bá ní ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ gbọ́dọ̀ kó ìwé orúkọ olùdìbò, BVAS fúnra rẹ̀, àti EC8A wá. Àkọsílẹ̀ tí a fà yọ láti ibòmíràn kò tó. Mo gbà pé ìdájọ́ yìí tọ̀nà. Ó ṣòro fún olùpẹ̀jọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Àbújá ni yóò máa yan gómìnà fún wa. Irú ìbẹ̀rù yìí ni ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní Jámánì ní ní oṣù kẹta ọdún 2009, tí ó fi sọ pé ẹ̀rọ ìdìbò tí wọ́n lò níbẹ̀ lòdì sí òfin, nítorí pé ará ìlú tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè yẹ ìdìbò wò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àwòrán èsì ìdìbò ààrẹ kò sì jáde lórí IReV ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, ìbínú gba ìlú, ó sì tọ́, nítorí INEC ti ṣèlérí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ilé ẹjọ́ sọ pé IReV kì í ṣe ibi tí a ti ń ro ìbò pọ̀, àti pé ìkùnà rẹ̀ nìkan kò tó láti fagi lé ìdìbò. Àwọn olùpẹ̀jọ́ kò sì lè kó ìwé ibùdó jáde tó láti fi èsì mìíràn hàn. Ibùdó ìdìbò tí ó wà ní Nàìjíríà lọ́dún náà jẹ́ 176,846. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tí ẹgbẹ́ fi ṣe aṣojú jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n fún ní owó oúnjẹ ọ̀sán, tí ó ti wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀, tí wọ́n sì ní kí ó dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó lè gba ẹ̀dà ìwé pélébé kan. Bí ó bá gbà á, ta ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni wọ́n sì ń kó o pamọ́ sí? Mo ti bi olóṣèlú tí kò mọ ní ẹyọ kan ní ìbéèrè yìí. Gbogbo wọn ni wọ́n dá mi lóhùn nípa íntánẹ́ẹ̀tì.