So àti Tú: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ẹṣin Tí Ń Gbé Pápá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kánádà, ní Iceland, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ni kò kọ́ ilé kankan fún ẹṣin wọn. Inú pápá ni ẹṣin ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Òjò dídì ń bọ́ lé e lẹ́yìn, kò sì kú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣeé ṣe. Bí a bá fẹ́ kọ ìwé lórí rẹ̀ ní Yorùbá, kí ará Ìlobù tàbí ará Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kà á kó yé e, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni ká to ọ̀rọ̀ òyìnbó sí apá kan, ká wá tiwa sí apá kejì. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ló ṣáájú: kí ni ẹni tó ni ẹṣin ń sá fún? Ohun tí wọ́n ń sá fún lọ́hùn-ún kọ́ là ń sá fún níhìn-ín.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣọ̀wọ́n lédè wa. A ní gàárì, a ní ìjánu, a ní kẹ́sẹ́ tí ẹlẹ́ṣin fi ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irun ọrùn rẹ̀ ni gọ̀gọ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni pátákò, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó gùn ni agódóńgbó. Ewúrẹ́ ń ké, ẹṣin ń yán. Agbẹ́gilére tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹlẹ́ṣin ní láti mọ ibi tí ìjánu ti wọ ẹnu àti ibi tí gàárì jókòó sí, ìbáà ṣe pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rí ẹṣin. Ìlobù sì mọ iṣẹ́ igi gbígbẹ́: ìwé tí Ulli Beier, tó gbé ìlú náà kó tó kó lọ sí Òṣogbo, kọ lórí ère ìlú Yorùbá kékeré kan, tó sì jáde ní 1957, ère Ìlobù ló dá lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wa yìí ti wá. Ogun ni, ààfin ni, okùn ni. Ní Ọ̀yọ́, oyè ni Olókùn-Ẹṣin, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà níkàáwọ́ rẹ̀. Robin Law, tó kọ ìwé lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1980, fi hàn pé òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, torí pé àìsàn kì í jẹ́ kó pọ̀ sí i nílẹ̀ wa. Àwọn ẹrú Haúsá ló sì mọ ìtọ́jú rẹ̀ jù. Nígbà tí Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, pè wọ́n sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ìlọrin, ní nǹkan bí ọdún 1817, àwọn olùtọ́jú ẹṣin Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó bá a lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìlobù. Òru ni ọmọ ogun Ìbàdàn kọlù wọ́n, ẹṣin kò sì rí nǹkan kan ṣe nínú òkùnkùn àti igbó. Bí ẹṣin ṣe wọ ìrántí agbègbè wa nìyẹn: ohun olówó iyebíye tó ti ọ̀dàn wá, tí ilẹ̀ wa kì í gbà fún bọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé “so” ni òpó ìtọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ wa. A ń so ẹṣin, ibi tí a so ó sí ni ibùso, a ó sì pa koríko wá bá a níbẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú síso yẹn. Eṣinṣin tsetse, tó ń fi àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin títí yóò fi rù kan egungun, fẹ́ràn etí odò tí igi ṣíji bò, irú Erinlẹ̀ àti Ọ̀ṣun. Kantíkantí ń gbé àìsàn mìíràn kiri, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà. Láàrin ẹṣin tí kò bá a pàdé rí, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ kùtù ni kantíkantí sì ń jẹni jù. Òyìnbó tó bá ń mú ẹṣin wọlé lálẹ́, nítorí òtútù ni; àwa ń mú un wọlé nítorí kòkòrò. Ìwà kan náà ni, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá pe ẹṣin tí kì í wọlé ní “ẹṣin asùnta”, ta ni yóò gbọ́ ọ kó má rò pé wọ́n ti pa ẹṣin náà tì? Ẹni tó ń sùn síta lójú Yorùbá, aláìnílé ni, tàbí wèrè. Ẹni tó fi ẹṣin sí pápá kò sì pa á tì. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wo omi, ọgbà àti pátákò. Mo fara mọ́ “gbé pápá”: ẹṣin agbépápá lọ̀tọ̀, ẹṣin ibùso lọ̀tọ̀. Iṣẹ́ mímú ẹṣin lọ sí pápá náà kò gba kí a wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Bí “so” bá ti wà, “tú” náà ti wà: a tú ẹṣin sí pápá. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò ti jẹ́ ká mọ̀ ọ́n: ó ń jẹ̀. Ní ti gbogbo ọdún, “tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn” ti sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Kí ni a ó pe ìgbà tí òtútù mú ní ilẹ̀ wọn? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti bá a wọ̀jà. Níbi tí Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà inú ọdún lẹ́yìn ìkún-omi Nóà, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni wọ́n fi rọ́pò ìgbà ooru àti ìgbà òtútù inú Bíbélì òyìnbó; níbòmíràn, ìgbà òtútù ni wọ́n lò. Wọn kò ṣì í. Ní ti Nóà, yíyí ọdún ló ṣe pàtàkì. Níbòmíràn, òtútù fúnra rẹ̀ ni.

Ní ti ẹṣin, ọ̀pọ̀ ni yóò sáré mú “ọyẹ́”. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ìlobù, ilẹ̀ gbẹ, kòkòrò dín kù, koríko kú sórí ìdúró, iná sì ń jó igbó. Ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ jẹ́ ìgbà òjò, ìgbà ẹrọ̀fọ̀, ìgbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú tí koríko kò sì hù. Ìyà tí ìgbà kan ṣoṣo fi ń jẹ ẹṣin lọ́hùn-ún, méjì ló pín sí lọ́dọ̀ wa: ọyẹ́ gba àìsí koríko, òjò gba ẹrọ̀fọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ nípa ilẹ̀ wọn, kí a pè é ní ìgbà òtútù. Bí ìmọ̀ràn bá sì kan ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin níbí, kí a dárúkọ ìyà náà gan-an: ohun tí a ó ṣe nígbà tí koríko bá tán, ohun tí a ó ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá di ẹrọ̀fọ̀.

Ohun tó ń dì náà nílò ìyàtọ̀. Yìnyín ni ọ̀pọ̀ wa ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín tí a mọ̀ ni èyí tó ń bọ́ sórí páànù pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀. Òjò dídì fúyẹ́. Bí ó bá wà lẹ́yìn ẹṣin tí kò yọ́, ó dára, ó fi hàn pé irun ẹṣin náà kò jẹ́ kí ooru ara jáde. Omi dídì ló burú, torí pé ẹṣin nílò 20 lítà omi ó kéré tán lójúmọ́, bí kò bá sì rí i mu, oúnjẹ á gbẹ sínú ìfun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lédè wa tẹ́lẹ̀. Kí a má dà wọ́n pọ̀ nìkan ni.

Báwo ni ẹṣin ṣe ń la òtútù já? Oúnjẹ ni olórí ìdáhùn, oúnjẹ náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. “Koríko gbígbẹ” kò tó. Ní Ìlobù, koríko gbígbẹ ni èyí tí ọyẹ́ ti pa, tí kò ní agbára nínú mọ́. Èyí tí wọ́n ń fún ẹṣin lọ́hùn-ún, tútù ni wọ́n gé e, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n sì kó o pamọ́. Àwọn tó ń ṣe èlùbọ́ ti fún wa ní “sá”. Koríko àságbẹ ni mo fẹ́ kí a máa pè é. Ẹṣin tó wọn 400 kìlò ń jẹ 6 sí 8 kìlò rẹ̀ lójúmọ́. Nínú ìfun ńlá rẹ̀, koríko yìí ń kan bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, kíkan náà sì ń mú ooru wá. Nítorí náà ni olùtọ́jú ṣe ń fi koríko kún oúnjẹ nígbà tí òtútù bá le, kì í ṣe ọkà.

Irun ni ìdáhùn kejì. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú ni irun ẹṣin ń nípọn, kí òtútù tó dé rárá. Bí òtútù bá sì mú un, irun á dìde, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀. Ẹṣin tó yó, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí irun rẹ̀ sì ti nípọn, lè fara da òtútù tó lọ sílẹ̀ dé -15°C láìjẹ́ pé a fi nǹkan kún oúnjẹ rẹ̀. Òjò pẹ̀lú atẹ́gùn ló ń ba èyí jẹ́, torí ó ń tẹ irun mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ohun olórùlé kan, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, sínú pápá. Ilé kọ́ nìyẹn, ibùso sì kọ́, torí ẹṣin ń wọlé ó ń jáde bó ṣe wù ú. Àtíbàbà ni.

Wọ́n tún máa ń da aṣọ bo àgbàlagbà ẹṣin àti èyí tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀. Bí a bá pè é ní aṣọ ẹṣin, ọkàn òǹkàwé á lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹṣin ti ń wọ aṣọ fún ẹwà. Ìbora ẹṣin ló bá a mu, torí ohun tí ènìyàn ń fi bora lálẹ́, a kì í wọ̀ ọ́ lọ òde.

Àìsàn kan wà tó so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan, Dermatophilus congolensis, ló ń mú kí awọ ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sé èépá lẹ́yìn àti lẹ́sẹ̀ nígbà òjò àti ẹrọ̀fọ̀. Òun náà ló ń ṣe màlúù nílẹ̀ wa, tí àwọn Haúsá ń pè ní kirchi. Orúkọ méjì ni òyìnbó fún un lára ẹṣin, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Àwa kò nílò ju ẹyọ kan lọ: èépá òjò.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwé èdè-ìperí tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1990 fi hàn pé bí àwọn onímọ̀ bá fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ tuntun lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹran kò lè parí sí kíláàsì, ọwọ́ ẹni tó ń so ẹran tó sì ń tú u ni a ó ti dán an wò. Bí mo bá sì ń kọ ìwé yẹn fún ará Ìlobù, orí kìíní rẹ̀ kò ní jẹ́ òtútù. Kantíkantí ni yóò jẹ́, torí ẹni tó bá kà pé ẹṣin lè sùn sí pápá, tí kò ka ohun tó ń jẹ ẹṣin lóru, ìwé náà ti tàn án, bó ti wù kí Yorùbá inú rẹ̀ já gaara tó.