Ẹ̀tù ìlọ́po méjì: Ewu tó wà nínú fífọwọ́ ẹni ki ọta ìbọn ìdíje

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ onísìlíńdà, èyí tí wọ́n ń pè ní revolver, díje ló máa ń ki ọta wọn fúnra wọn. Ó ń dín ìnáwó wọn kù, wọ́n sì lè ṣe ọta náà lọ́nà tí yóò bá ìbọn wọn mu. Òfin ibẹ̀ gbà á láàyè. Ní Nàìjíríà, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí òfin ohun ìjà ọdún 1959 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta kan: kóròfo idẹ, ìṣáná kékeré tó wà nídìí rẹ̀, ẹ̀tù, àti òjé tó ń fò jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀tù ló ń fa ìjàǹbá jù.

Ọta .38 Special wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ nínú ìdíje yìí. Nígbà tó jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀tù dúdú, irú èyí tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ń rọ sínú ṣakabùlà, ni wọ́n fi wọn kóròfo rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú a máa gbàyè. Ẹ̀tù aláìléèéfín òde òní lágbára jù ú lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò fún ìdíje, débi pé kóròfo kì í kún dé ìdajì. Ẹni tó bá ṣèèṣì rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kò ní rí i kó dà sílẹ̀.

Agbára tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọta yìí kò gbọdọ̀ ju 17,000 páùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan lọ. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì lè fọ́ sìlíńdà, kí àfọ́kù irin sì ba ojú tàbí ìka ẹni tó yìn ín jẹ́, tàbí kó ba ti ẹni tó dúró tì í.

Àìsí ẹ̀tù rárá náà léwu. Ìṣáná nìkan lè ti òjé dé àárín ọ̀pá ìbọn, kó há síbẹ̀. Bí wọ́n bá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá náà lè bẹ́. Nítorí náà, bí ìró ìbọn bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n kó ọta kúrò, kí wọ́n sì yẹ ọ̀pá wò.

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣọ́ra nìyí. Wọ́n ń to kóròfo sínú pátákó oníhò, wọ́n á sì tan iná wo inú gbogbo wọn kí wọ́n tó fi òjé dé e. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì. Ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn tó ṣe ẹ̀tù ni wọ́n ń tẹ̀ lé, láti orí ìwọ̀n tó kéré, wọ́n sì ń yẹ òṣùwọ̀n wọn wò, nítorí 7,000 grain ló wà nínú páùn kan. Wọn kì í ti òjé wọlé ju bí ìwé ṣe sọ lọ, nítorí àyè tó bá fún jù ń mú kí agbára pọ̀ sí i. Wọn kì í mu sìgá níbẹ̀, wọn kì í jẹun, wọn kì í sì tàkúrọ̀sọ. Wọ́n ń lo awò ojú, wọ́n sì ń fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ nítorí májèlé òjé.

Èyí tó ga jù ni pé wọn kì í yin ọta tí ẹni tí wọn kò mọ̀ kì. Bí iyèméjì bá sì wà lórí ọta kan, wọ́n á tú u ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi wo inú kóròfo kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tàbí ìka tó lè bá a lọ.