Steering Hilux rẹ ń gbọ̀n? Bó o ṣe máa mọ ibi tó ti bàjẹ́

Kó o tó náwó sí steering Hilux àtijọ́, kọ́kọ́ wo ìgbà tó ń gbọ̀n. Tó bá jẹ́ orí eré nìkan ni, yẹ táyà wò, kó o lọ ṣe balancing. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o tẹ bíréèkì ni, fura sí dísìkì iwájú.

Bí kì í bá ṣe méjèèjì, fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, gbé e lé stand tó dúró dáadáa. Di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, mì í. Tó bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tie rod end ló sábà máa ń jẹ́. Tó o bá pààrọ̀ ẹ̀, ṣe alignment. Tó bá ń yẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ball joint tàbí bearing ni. Má sun ball joint di ìgbà tí owó oṣù bá wọlé o: bó bá já lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ṣẹ́ lábẹ́ ẹ.