Wàjà

Wàjà jẹ́ àkànlò èdè tí Yorùbá fi ń sọ pé ọba ti papò dà. «Wọ àjà» ni wọ́n súnkì. Àjà ni òkè ilé, lábẹ́ òrùlé. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn la ẹnu pé ọba kú, nítorí ọba ni aláṣẹ, èkejì òrìṣà.

Ìlò: Wọ́n máa ń sọ pé «Kábíyèsí ti wàjà» tàbí «ọba tó wàjà». Ó tún wúlò fún kíka àkókò. Àgbàlagbà lè sọ pé, «Kí ọba àná tó wàjà ni wọ́n ti la ọ̀nà yìí.»

Àpẹẹrẹ: Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, tó gorí oyè lọ́dún 1973, wàjà. Nígbà tó di Oṣù Kẹrin ọdún 2022, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó jọba láti ọdún 1970, náà wàjà. Bí Aláàfin bá wàjà, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ni afọbajẹ tó ń yan ẹlòmíràn.

Àṣìlò: Àwọn kan máa ń sọ pé olóṣèlú tàbí gbajúmọ̀ olórin wàjà. Kò tọ̀nà. «Jáde láyé», «ṣaláìsí» tàbí «papò dà» ló yẹ wọ́n, bó ti wù kí wọ́n lókìkí tó. Ọba nìkan ló ń wàjà.